Ìgò Mẹ́ta Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì ń gbé ní Daagbé, ní Ifangni. Omi ọ̀pẹ-òyìnbó ni ó ń tà. Ó bí ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ wọn ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Táyé jẹ́ obìnrin, Kẹ́hìndé jẹ́ ọkùnrin. Àwọn méjèèjì wà ní kíláàsì CE1.

Ní òwúrọ̀, Ìyá Ìbejì a fọ ọ̀pẹ-òyìnbó. A bó èèpo rẹ̀. A gé e wẹ́wẹ́, a gún un nínú odó, a sì fi aṣọ funfun fún un. Omi rẹ̀ a máa kán tó, tó, tó sínú abọ́. Lẹ́yìn èyí, a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, a sì rọ ọ́ sínú ìgò. Kẹ́hìndé ni ó ń di ìgò mú. Táyé ni ó ń tọ́ ọ wò.

Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀ tí ó fi jẹ́ Táyé? Àwọn àgbà sọ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ni ó rán Táyé ṣáájú pé kí ó lọ tọ́ ayé wò. Nítorí náà, bí ohun kan bá wà láti tọ́ wò nílé Ìyá Ìbejì, Kẹ́hìndé a ní, "Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Táyé, lọ tọ́ ọ wò." Táyé kì í kọ̀, bí ohun náà bá ti dùn.

Omi ọ̀pẹ-òyìnbó náà dùn, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí ó bá di ọ̀la, ó ti ń kan. Bí ó bá di ọ̀túnla, ó ti ń hó bí ọṣẹ. Èyí tí kò bá tà lóòjọ́, dídànù ni.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan wá láti Ìgòlò. Ìgòlò kò jìnnà sí Daagbé. Ibẹ̀ ni ẹnubodè tí a ń gbà kọjá sí Ìdírókò ní Nàìjíríà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì."

"Ẹ ṣé o. Ẹ káàbọ̀."

"Ọmọ mi ń gbé ìyàwó. Ó ku ọjọ́ 21. Mo fẹ́ 60 ìgò omi ọ̀pẹ-òyìnbó. Àwọn ọmọdé ni yóò mu ún, nítorí náà mi ò fẹ́ èyí tó kan."

Ìyá náà san ìdajì owó sílẹ̀, ó sì lọ.

Inú Ìyá Ìbejì dùn. Kò tíì ta 60 ìgò lẹ́ẹ̀kan rí. Ó rò ó pé òun kò ní lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí." Ó mú lára owó náà, ó ra ọ̀pẹ-òyìnbó, ó ra ìgò, ó ra ìdérí. Ó ṣe 20 ìgò. Ó dé wọn pinpin. Ó kó wọn sí abẹ́ ibùsùn.

Ní òru ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé ti sùn.

Gbòà!

Táyé fò dìde. "Màmá, olè!"

Gbòà! Gbòà!

Ìyá Ìbejì tan iná. Kò sí olè. Ilẹ̀ tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Àfọ́kù ìgò kún abẹ́ ibùsùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgò 8 ti bẹ́, àwọn èèrà sì ti tò wọlé bí ọmọ ilé-ìwé. Àwọn ìgò tó kù ń hó. Ìyá Ìbejì rọra kó wọn síta, ó fi àpò bò wọ́n, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ súnmọ́ wọn.

Ó jókòó sórí àpótí. Owó ìyá Ìgòlò ni ó fi ra gbogbo nǹkan yẹn. Ó ku ọjọ́ 18.

Kẹ́hìndé ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá, omi a máa hó bí a bá gbé e ka iná. Ta ni ó dáná sí abẹ́ ìgò wa?"

Ìyá Ìbejì kò mọ ohun tí yóò sọ.

Ní ilé-ìwé, Kẹ́hìndé bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan náà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ẹni tó dáná sí i. Àwọn kan ni wọ́n ń jẹun nínú ìgò náà."

Àwọn wo?

Àwọn ohun alààyè kan wà tí wọ́n kéré púpọ̀. Ojú lásán kò lè rí wọn. Wọ́n wà lára èèpo ọ̀pẹ-òyìnbó. Wọ́n wà lára ọwọ́ wa, lára ọ̀bẹ, nínú odó, àti nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwúkàrà. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń fi sínú ìyẹ̀fun kí ó lè wú.

Ìwúkàrà fẹ́ràn ohun dídùn bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sínú omi ọ̀pẹ-òyìnbó, ó ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀. Ó ń jẹ, ó ń bí sí i. Bí ó ti ń jẹ ṣúgà, ó ń sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú atẹ́gùn jáde. Atẹ́gùn náà ni ó ń ṣe ìhó funfun tí a rí. Bí ìgò bá ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn á jáde lọ. Bí a bá dé ìgò pinpin, kò rí ọ̀nà. Ó ń ti ara ìgò láti inú. Ó tì í, ó tì í, títí ìgò fi bẹ́.

Ẹ wo ẹmu. Ní Ifangni, igi ọ̀pẹ pọ̀, gbogbo wa ni a sì mọ bàbá adẹ́mu. Bí ó bá sọ ẹmu kalẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń dùn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹmu kan náà ti le. Bàbá adẹ́mu kò fi nǹkan kan sí i. Ìwúkàrà ni ó ti ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀.

Olùkọ́ sọ ọ̀kan sí i. Ó ní ìwúkàrà kò burú púpọ̀, nítorí ó máa ń jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ti dé: a rí ìhó, a gbọ́ òórùn. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn wà tí kì í ṣe ìhó rárá. Ẹni tó bá mu wọ́n, inú á máa run ún, á sì máa yàgbẹ́ gbuuru. Ọmọ kékeré ni ó máa ń dà láàmú jù.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n náà ní Màmá Àládà, nítorí Àládà ni ó ń gbé.

Àládà ni ilẹ̀ ọ̀pẹ-òyìnbó ní orílẹ̀-èdè wa. Irú kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ó bá pọ́n, èèpo rẹ̀ kì í di pupa, aláwọ̀ ewé ni ó máa ń wà. Ara inú rẹ̀ funfun, ó sì dùn púpọ̀. Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní pain de sucre. Ẹ ti kọ́ ọ pé pain ni búrẹ́dì. Kì í ṣe búrẹ́dì níhìn-ín o! Ní ayé àtijọ́, wọ́n máa ń mọ ṣúgà ní ìṣù tí orí rẹ̀ ṣóńṣó. Ìṣù ṣúgà yẹn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 2021, OAPI, ilé-iṣẹ́ tó ń dáàbò bo orúkọ ọjà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, forúkọ ọ̀pẹ-òyìnbó Àládà yìí sílẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ náà ta tirẹ̀.

Màmá Àládà dé ní ọjọ́ Àìkú, lórí zémijàn. Ó gbé àpò kan lọ́wọ́. Nínú àpò náà ni aṣọ àkísà kan wà, àti aago kan, àti ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀.

Táyé ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá Àládà. Kí ni èyí?"

"Òṣùwọ̀n ìgbóná ni. Òun ni ó ń sọ fún mi bí nǹkan ṣe gbóná tó. Ìka mi kò lè sọ ọ́, yóò kàn jóná ni."

Nọ́ńbà ara òṣùwọ̀n ni a ń pè ní dígírì. Omi tí ń hó lórí iná jẹ́ 100 dígírì. Ara ọmọ tí kò ṣàìsàn jẹ́ nǹkan bí 37.

Màmá Àládà wo àbúrò rẹ̀. "O fọ èso, o sẹ́ ẹ, o dé ìgò. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ àti àwọn kòkòrò ni ẹ jọ dé ìgò náà. O tì wọ́n mọ́ inú oúnjẹ. Ooru ni o gbàgbé."

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbàgbé. Ẹ̀rù ni ó ń bà mí. Mo sè é lẹ́ẹ̀kan rí, ó dà bí ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rà á."

"Ooru tó pọ̀ jù ni o lò. Jẹ́ ká dán an wò kí a tó fi owó ènìyàn ṣeré."

Wọ́n ṣe omi ọ̀pẹ-òyìnbó díẹ̀. Wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́ta. Wọn kò rọ ọ́ kún dé ẹnu, nítorí omi a máa wú bí ó bá gbóná. Wọ́n dé wọn. Màmá Àládà so òwú mọ́ ọrùn wọn: òwú funfun, òwú dúdú, òwú pupa.

Ìgò olówùú funfun kò dé orí iná rárá. Wọ́n gbé e sílé bẹ́ẹ̀.

Ìgò olówùú dúdú wọ inú omi tí ń hó, ó sì wà níbẹ̀ fún wákàtí kan.

Ìgò olówùú pupa ni ó gba sùúrù. Màmá Àládà kọ́kọ́ tẹ́ àkísà sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ìgò má baà fọwọ́ kan irin gbígbóná kí ó sì sán. Ó gbé ìgò sí i, ó sì bu omi yí i ká títí dé ọrùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìgò mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Omi ọ̀pẹ-òyìnbó wà nínú ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò dé e. Inú rẹ̀ ni ó ti òṣùwọ̀n bọ̀.

Kẹ́hìndé ní, "Màmá Àládà, ẹ̀ bá ti òṣùwọ̀n bọ inú omi ìkòkò. Ó súnmọ́ yín."

"Ọmọ mi, ṣé omi ìkòkò ni a fẹ́ tà ni? Omi ìkòkò a máa kọ́kọ́ gbóná. Ti inú ìgò kì í tètè gbóná. Bí mo bá wo ti ìkòkò, màá rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀."

Òṣùwọ̀n gòkè: 40, 50, 60, 70. Nígbà tó dé 80, Màmá Àládà wo aago. Bí ó bá fẹ́ kọjá 80, a fa igi kan jáde lábẹ́ ìkòkò. Bí ó bá fẹ́ lọ sílẹ̀, a ti igi náà padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Omi kò hó rárá. Ó kàn ń yọ èéfín pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ó gbé ìgò jáde, ó sì gbé e sórí aṣọ gbígbẹ. Táyé fẹ́ bu omi tútù sí i lórí kí ó lè tètè tutù. Màmá Àládà kígbe, "Má ṣe é! Ìgò gbígbóná àti omi tútù kì í bára mu. Yóò sán sí ọ lójú." Nítorí náà, wọ́n jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ṣí ìdérí. Ẹ kíyè sí èyí. Omi, ìgò àti ìdérí ni wọ́n jọ gbóná pọ̀. Àwọn kòkòrò inú ìgò ti kú, àwọn ti ìta kò sì rí ọ̀nà wọlé. Bí a bá kọ́kọ́ mú omi gbóná, tí a wá rọ ọ́ sínú ìgò tí kò mọ́ nígbà tó tutù tán, àwọn kòkòrò tuntun ni a ń pè wá jẹun.

Ní ọjọ́ kejì, ìgò olówùú funfun ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìyá Ìbejì gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó fi aṣọ nípọn bo ọwọ́, ó rọra ṣí i. Fììì! Ìhó tú jáde. Táyé na ọwọ́.

Ìyá Ìbejì ní, "Rárá, Táyé. Èyí tó ti ń hó, a kì í tọ́ ọ wò. Dà á nù."

Ìgò méjì tó kù dúró. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kárùn-ún. Ní òròòwúrọ̀, Kẹ́hìndé a gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀, a wò wọ́n, a ní, "Kò tíì hó."

Ní ọjọ́ keje, wọ́n ṣí àwọn méjèèjì.

Omi inú ìgò olówùú dúdú ti ṣókùnkùn. Táyé tọ́ ọ wò. Ó fa ojú ro. "Ó dà bí ọ̀pẹ-òyìnbó tí wọ́n sè."

Omi inú ìgò olówùú pupa pọ́n díẹ̀ bí oyin. Táyé tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó fẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kẹta, Kẹ́hìndé gba ife lọ́wọ́ rẹ̀.

"Táyé, báwo ni?"

"Ó dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti òwúrọ̀."

Màmá Àládà rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ ni ó sọ. Kò sí iná tí kì í mú nǹkan lọ. Òórùn dídùn a máa bá èéfín lọ. Fítámì C inú èso a máa dín kù. Bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tó ń lọ ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tí à ń wá ni ooru tó tó pa kòkòrò, tí kò tó pa adùn."

Kẹ́hìndé rò ó. Ó ní, "Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká lo ooru tó kéré sí i. Ẹ jẹ́ ká lo 60, fún ìṣẹ́jú 5. Adùn náà yóò pọ̀ sí i."

"Ó dára. Ṣe é ká wò ó."

Wọ́n ṣe ìgò Kẹ́hìndé, wọ́n so òwú aláwọ̀ ewé mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń hó.

Màmá Àládà sọ fún un lórí fóònù pé, "Má banújẹ́. Ìbejì ni ooru àti àkókò. Bí ọ̀kan bá dín, èkejì gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìwọ dín méjèèjì kù lẹ́ẹ̀kan náà."

Ẹ wo wàrà màlúù bí àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń rọ wàrà sínú ìgò lè mú un gbóná dé 63 dígírì fún 30 ìṣẹ́jú. Wọ́n sì lè mú un dé 72 dígírì fún ìṣẹ́jú àáyá 15 péré, bí ẹ̀rọ wọn bá dára. Ọ̀nà méjèèjì ń pa kòkòrò tó ń fa àrùn.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe irú nǹkan báyìí? Ó ti pẹ́. Ní Japan, àwọn tó ń pọn ọtí ìrẹsì ti ń mú un gbóná díẹ̀ kí ó má baà bàjẹ́, láti nǹkan bí 450 ọdún sẹ́yìn. Ní Faransé, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nicolas Appert di oúnjẹ sínú ìgò, ó dé e, ó sì sè é nínú omi tí ń hó. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1810. Oúnjẹ rẹ̀ kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn kòkòrò kéékèèké ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́.

Louis Pasteur ni ó ṣàlàyé rẹ̀. Wọ́n bí i ní Faransé ní 1822. Wáìnì àwọn ará ìlú rẹ̀ ń kan, owó wọn sì ń ṣòfò, bíi ti Ìyá Ìbejì. Pasteur rí i pé àwọn ohun alààyè tín-ín-tìn-ín-tín ni ó ń bà á jẹ́. Ní nǹkan bí 1864, ó fi hàn pé bí a bá mú wáìnì gbóná dé 50 sí 60 dígírì, kì í bàjẹ́ mọ́, adùn rẹ̀ kò sì lọ. Láti ara orúkọ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Faransé náà pasteurisation ti wá. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹ fi ìka tẹ̀lé e, kí ẹ sì wá orúkọ Pasteur nínú rẹ̀.

A ń ṣe é sí ẹmu pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, lẹ́bàá ìlú Ìbíní, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan wà tí ń jẹ́ NIFOR. (Ìlú ni Ìbíní yìí, kì í ṣe orílẹ̀-èdè Benin wa.) Láti 1939 ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí ọ̀pẹ níbẹ̀. Wọ́n ń rọ ẹmu sínú ìgò, wọ́n ń dé e, wọ́n sì ń mú un gbóná díẹ̀, kí ó lè pẹ́ kí ó sì rin ìrìn-àjò jìnnà. Bàbá adẹ́mu wa ní kò jọ ti ìdí ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ọmọ kò ní láti dá sí ẹjọ́ yẹn, ẹmu kì í ṣe tiyín.

Kẹ́hìndé tún ní ìbéèrè kan. "Màmá, ṣé a lè fi 80 dígírì ṣe ẹja sínú ìgò? Tàbí ẹ̀wà?"

Rárá o! Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí ikú wà nínú rẹ̀. Omi ọ̀pẹ-òyìnbó máa ń kan díẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan. Kòkòrò kan wà tó burú púpọ̀, tí kò lè dàgbà nínú ohun tó kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja kò kan. Ẹran kò kan. Ẹ̀wà kò kan. Kòkòrò yẹn a máa ká ara rẹ̀ jọ bí irúgbìn líle. Ooru 80 dígírì kò lè pa irúgbìn yẹn. Omi tí ń hó pàápàá kì í tètè pa á. Bí a bá wá dé ìgò, yóò jí, yóò sì tú oró sínú oúnjẹ. Nítorí náà, àwọn tó ń ṣe ẹja inú agolo ní ìkòkò ńlá tí ń gbóná dé nǹkan bí 121 dígírì. Kò sí irú rẹ̀ ní ilé Ìyá Ìbejì. Omi èso kíkan nìkan ni ó ń ṣe.

Ó ku ọjọ́ 6 kí ìgbéyàwó pé. Ìyá Ìbejì yá ìkòkò ńlá lọ́wọ́ àwọn tó ń se oúnjẹ òde. Ó ṣe 64 ìgò, ní ìgbà mẹ́rin, 16, 16, 16, 16. Màmá Àládà ti fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ fún un. Ìyá Ìbejì ń wo òṣùwọ̀n, Kẹ́hìndé ń wo aago láti ọ̀nà jíjìn, nítorí a kì í jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ìkòkò gbígbóná. Táyé ń fi bébà kékeré kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí ara ìgò tó ti tutù.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó, Táyé àti Kẹ́hìndé gbé àwọn ìgò náà wò sí ìmọ́lẹ̀ fìtílà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò kan, ìgò méjì, ìgò mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n dé ìgò 37, Kẹ́hìndé dúró. "Màmá, ẹ wo èyí."

Ìhó tín-ín-rín wà ní ọrùn rẹ̀. Ìyá Ìbejì yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdérí rẹ̀ kò mú dáadáa. Wọ́n yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n rí òmíràn bẹ́ẹ̀ ní ìgò 52. Ó ku 62.

Ní òwúrọ̀, wọ́n kó 60 ìgò lọ sí Ìgòlò. Àwọn ọmọdé mu ún, wọ́n tún bèèrè. Ìyá ọkọ ìyàwó san ìdajì owó tó kù. Ìyá Ìbejì kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú mọ́tò.

Ìgò méjì tó ṣẹ́kù wà lórí pẹpẹ nílé, wọ́n kọ ọjọ́ sí wọn lára. Ìyá Ìbejì fẹ́ mọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lè lò. Táyé fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣí wọn.

Ìdánwò ní kíláàsì

Ẹ wá ìgò kékeré méjì, bàlúùnù méjì, ṣúgà, àti ìwúkàrà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà méjì àti ṣíbí ìwúkàrà kan sínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ yóò bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ìgò kìíní. Olùkọ́ nìkan ni yóò rọra bu omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sínú ìgò kejì, ìgò ike líle tàbí ti irin ni kí ó lò. Bí ó bá ti tutù díẹ̀, ẹ fi bàlúùnù bo ẹnu ìgò méjèèjì. Ẹ dúró fún wákàtí kan. Bàlúùnù wo ni ó wú? Èwo ni kò wú?

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ó bẹ́ ìgò Ìyá Ìbejì ní òru?
2. Kí ni ìdí rẹ̀ tí Màmá Àládà kò fi ti òṣùwọ̀n bọ inú omi ìkòkò?
3. Òwú wo ni ó wà ní ọrùn ìgò tí Táyé fẹ́ tọ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta?
4. Ìgò Kẹ́hìndé hó ní ọjọ́ kẹrin. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí ó yí padà?
5. Ẹ bi àwọn ará ilé yín: oúnjẹ wo ni wọ́n ń mú gbóná ní òròòwúrọ̀ kí ó má baà kan? Ẹ kọ orúkọ mẹ́ta sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé.